Ìbọn Adíje Lọ́wọ́ Ọdẹ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yá àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Fi Sílẹ̀

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà kọ̀wé sí mi pé òun ti rí oníṣẹ́ ìbọn kan tí yóò ṣe ráífù àkànṣe fún òun. Ó to gbogbo ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n fi sí i lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀pá ìbọn tí ó nípọn tí ó sì gùn ní íǹṣì 28, awò tí ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 25, tírígà tí afẹ́fẹ́ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fà, àti irin oníhò tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ó má baà ta èjìká. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ìbọn díje ni ó ti rí gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣakabùlà kan ṣoṣo ni ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Èmi náà gbé Kánádà fún ọdún mọ́kànlá, mo bá wọn díje níwọ̀nba, mo sì ti padà sílé báyìí, tí mo ń fi ìbọn ẹlẹ́nu méjì dẹ ọ̀yà. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, ìbéèrè kan ni mo fi ránṣẹ́ sí i: "Ta ni yóò máa bá ọ gbé e?"

Ohun tí mo kọ sí i lẹ́yìn náà ni mo tún ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ó wà lókè òkun tí wọ́n ń dẹ ìgbẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn ọdẹ tí ó wà nílé náà sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí ó yẹ kí àwọn fi tún ìbọn tiwọn ṣe.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí a ń wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dọọdún. Àwọn ìdílé balógun máa ń yin ìbọn níbẹ̀, ariwo rẹ̀ a sì máa mi àyà ẹni. Ẹ̀tù ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ọta, nítorí pé ìró ni wọ́n fẹ́. Ẹṣin tí wọ́n wọ̀ láṣọ títí dé ojú náà dára fún ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tí ì rí ẹni tí ó gùn ún lọ sí oko kòkó. Ìbọn adíje rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó dára gan-an fún ọjọ́ tirẹ̀.

Ohun tí adíje ń sá fún

Kí ẹ tó yá ohunkóhun lọ́wọ́ adíje, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìṣòro tí ó mú kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn adíje kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan ń jókòó ti tábìlì, wọ́n ń gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wọ́n sì ń yin ọta márùn-ún sí ojú kan ní 100 tàbí 200 yáàdì kí ihò márààrún lè wọnú ara wọn. Ìyẹn ni benchrest, òfin rẹ̀ sì gba ìbọn tí ó wúwo tó kílò 6.1 ní ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí rẹ̀. Àwọn kan ń dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín dé 1,000 yáàdì. F-Class ni wọ́n ń pe ìyẹn, Kánádà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà F náà sì wá láti inú orúkọ George Farquharson. Ìbọn tiwọn lè wúwo tó kílò 8.25 ní ìsọ̀rí kan, ó sì lè tó kílò 10 ní ìsọ̀rí kejì. Àwọn tí ń bá Precision Rifle Series díje, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2012, ní tiwọn ń sáré láti ibùdó kan dé òmíràn, wọ́n ń gbé ìbọn lé orí pákó, táyà tàbí àpáta, wọ́n sì ń bá aago dù ú.

Síbẹ̀, nǹkan mẹ́ta pa gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n mọ ibi tí àmì wà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Wọn yóò yin ọta púpọ̀ tẹ̀ léra. Ọkọ̀ ni ó sì ń gbé ìbọn wọn dé ẹ̀bá pápá. Ọdẹ kò ní ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹran kò ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀, èjìká rẹ̀ ni ó ń gbé ìbọn láti ìdájí, ọta kan ni yóò sì yìn, bóyá méjì, láti inú ọ̀pá tí ó tutù bí omi ìkòkò. Ọta àkọ́kọ́ yẹn ni mo fi ń díwọ̀n ohun gbogbo tí ó kù nínú ìwé yìí.

Ìwúwo àti gígùn

Ọ̀pá ìbọn adíje nípọn nítorí ooru. Bí ènìyàn bá yin ọta mẹ́wàá léraléra, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ a gbóná, ọta a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lójú ibi tí ó ń bọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá tí ó nípọn kì í tètè gbóná. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn tí ó wúwo kì í fò sókè, ẹni tí ó yìn ín sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọta bà, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe àtúnṣe kíákíá kí ó tó yin èkejì. Ọdẹ kò ní ìṣòro ooru yìí. Ẹran tí kò ṣubú lẹ́yìn ọta kejì ti wọnú igbó lọ.

Mo ti gbé ìbọn kílò mẹ́fà rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yìnyín Alberta, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí àgbọ̀nrín kan wá dúró níwájú mi, apá mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fi awò náà mú un. Ìbọn tí ó yẹ kí ó fara balẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀ ni ó sọ mí di ẹni tí kò lè fara balẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ sí mẹ́rin, pẹ̀lú awò lórí rẹ̀, ni mo ń gbà àwọn ènìyàn níyànjú láti béèrè fún. Bí ó bá fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ìpalára mìíràn ni: a máa ta èjìká kíkankíkan, a sì máa jó lọ́wọ́ ẹni tí ó ti rẹ̀.

Ní ti gígùn, íǹṣì 28 bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọta rẹ̀ sáré gan-an kí ó lè dé 1,000 yáàdì. Nínú igbó tí ìtàkùn ti lọ́ mọ́ra, irú èyí tí ó wà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ògbèrè, íǹṣì 20 sí 22 ni ó tó, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá gígùn yóò máa fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ewéko káàkiri, ẹran a sì gbọ́. Fún pápá gbalasa bíi ti Alberta, 24 tó.

Mo kìlọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó má tìtorí èyí sọ pé gbogbo ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ adíje wá kò dára. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń fi gbẹ́ inú ọ̀pá fún adíje, kí ìlà inú rẹ̀ tí ń mú ọta yí bí òkòtó lè dọ́gba láti ìdí dé ẹnu, ni ó yẹ kí ọdẹ ná owó lé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń gbẹ́ tiwọn gbẹ́ tiyín náà, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún un pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́ ẹ.

Igi, irin, àti ojú ọjọ́

Bí a bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí ọdẹ gbọ́dọ̀ yá, ohun tí kò sí ẹni tí yóò rí i ni n óò mú. Àwọn adíje ni ó fi han gbogbo ayé pé bí irin ìbọn kò bá jókòó dáadáa nínú igi rẹ̀, ọta kò ní máa bọ́ sójú kan. Nítorí náà, wọ́n ń da epoxy, àtè tí ń le bí òkúta, sí ibi tí irin àti igi ti pàdé kí méjèèjì lè bá ara wọn mu bí ẹyin àti èèpo rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ igi kúrò lábẹ́ ọ̀pá kí ohunkóhun má fara kàn án. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọjọ́ wa mọ ìdí tí èyí fi wúlò fún ọdẹ ju adíje lọ. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Igi tí ó bá wú tí ó sì ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò mú kí ìbọn tí ó tọ́ ní oṣù kejì máa yà sápá òsì ní oṣù keje, olówó rẹ̀ yóò sì máa di ẹ̀bi náà ru ojú ara rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ fi ìdí ìbọn tí wọ́n fi fáíbà ṣe rọ́pò ti igi. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í mu omi.

Ohun kan wà tí ó ti ibi kan náà wá tí mo sọ pé kí ó fi sílẹ̀. Àwọn adíje benchrest ń ṣe ilé ọta, ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn kí a tó yìn ín, kí ó há gan-an, wọ́n sì ń fá ọrùn ìkarahun ọta kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń nu ìbọn wọn lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ìyọnu. Ọdẹ tí iyẹ̀pẹ̀ pupa tàbí yìnyín bá kán sínú ilé ọta báyìí, ọta rẹ̀ kejì kò ní wọlé. Ẹ béèrè fún ilé ọta tí ó bá ìwọ̀n ọta tí wọ́n ń tà lọ́jà mu, kí ẹ sì ti ọta ogún gbà á kọjá kí ẹ tó gba ìbọn náà lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Tírígà

Tírígà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jókòó ti tábìlì ń lò kò gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 60 lọ kí ó tó já. Tábìlì ni ìbọn wà, ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè ìyẹ̀pẹ̀, kò sì sí ọta nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi ní kí wọ́n yìn. Ọdẹ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ nítorí òtútù, tàbí tí ó ń gun ègùn lóru pẹ̀lú iná lórí, kò gbọdọ̀ súnmọ́ irú rẹ̀. Kílò kan sí kílò kan àti ààbọ̀ ni ó dára, kò sì yẹ kí ó dín sí kílò kan fún ẹnikẹ́ni tí ó ń rìn. Ohun tí ó yẹ kí a yá níbí ni mímọ́ rẹ̀: kí ó já lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, kí ó má ṣe máa fà bí ewédú. Tírígà tí ó wúwo díẹ̀ tí ó sì mọ́ kì í da ìbọn lójú rú. Èyí tí ń fà ni ó ń ba ọta jẹ́.

Awò

Awò ni mo ti rí i tí àwọn ọdẹ ń ṣìnà jù. Wọ́n rò pé ẹni tí ó rí nǹkan tóbi ni ó rí i dáadáa. Ẹ pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú awò pẹ̀lú iye ìlọ́po rẹ̀, ẹ ó sì mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ́ sójú yín ti fẹ̀ tó. Awò adíje tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 56, bí a bá gbé e dé ìlọ́po 25, ìmọ́lẹ̀ mìlímítà 2.2 ni yóò fún ojú. Awò kékeré tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, ní ìlọ́po mẹ́fà, yóò fún un ní mìlímítà 6.7. Nínú òkùnkùn, ọmọ ojú ọ̀dọ́ lè ṣí tó mìlímítà méje, ti àgbà kì í tó bẹ́ẹ̀. Ní Alberta, òfin gba ọdẹ láyè láti ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ó bá wọ̀, nínú ààbọ̀ wákàtí méjèèjì yìí ni ẹran sì máa ń jáde. Ẹni tí ó gbé awò rẹ̀ sí ìlọ́po 25 nígbà yẹn kò ní rí ju òjìji lọ. Bí ẹran bá sì wà ní mítà 30, irun ara rẹ̀ nìkan ni yóò kún inú awò, kò ní mọ̀ bóyá ìhà ni òun ń wò tàbí itan.

Àmì àgbélébùú inú awò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ awò adíje, àmì náà ń tóbi bí a bá ti ń fi kún ìlọ́po, ó sì ń kéré bí a bá ti ń dín in kù, kí ìdíwọ̀n inú rẹ̀ lè bá ojú ilẹ̀ mu nígbà gbogbo. Ó wúlò púpọ̀ fún wọn. Ní ìlọ́po kékeré tí ọdẹ inú igbó ń lò, àmì yẹn á tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Èyí tí kì í yí padà ni kí ọdẹ rà.

Kókó tí wọ́n ń yí lórí awò láti gbé ojú àmì sókè sílẹ̀ náà ń kọ́ ni lọ́gbọ́n. Ti adíje wà ní ìta, kò ní ìdérí, nítorí pé ó ń yí i ní gbogbo ìgbà. Mo gbé irú rẹ̀ lọ sóko lẹ́ẹ̀kan, àpò ìbọn yí i láìjẹ́ pé mo mọ̀, ọta mi sì gba orí ẹran kọjá. Ọ̀pọ̀ kókó báyìí ń sún ojú àmì ní sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 100 nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ta kẹ́. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, tí ó ta kẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, odidi mítà kan ni. Ẹ ra èyí tí ó ní ìdérí. Ìlọ́po 2 dé 7 tàbí 1 dé 6 tó fún igbó, 3 dé 10 tó fún pápá.

Ọta

Níbí ni ẹ̀kọ́ méjì ti pàdé. Èkínní, ọta tí àwọn adíje fi ń gba ife kò yẹ fún ẹran. Ihò tíntìnnì tí ó wà lórí rẹ̀ wá láti inú bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ìdí rẹ̀ lè dọ́gba. Wọn kò ṣe é kí ó lè fẹ̀ nínú ara ẹran. Nígbà mìíràn a gba ara kọjá bí abẹ́rẹ́, nígbà mìíràn a fọ́ sórí egungun kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹran á sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Iléeṣẹ́ Sierra tí ó ń ṣe MatchKing fúnra rẹ̀ kò gbà á níyànjú fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ọdẹ. Ọta tí òjé orí rẹ̀ rọ̀, tàbí tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ èèpo bàbà, ni kí ẹ lò, àní bí àwọn ihò rẹ̀ lórí ìwé bá tilẹ̀ jìnnà síra díẹ̀ ju ti adíje lọ.

Èkejì, irú kátíríìjì tí wọ́n ṣe ìbọn fún lè ti ọ̀dọ̀ adíje wá, kí ó sì yẹ ọdẹ. 6.5 Creedmoor, kátíríìjì tí iléeṣẹ́ Hornady gbé jáde ní 2007, ìdíje ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ta èjìká púpọ̀, ọta rẹ̀ sì gùn, a máa la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa, nítorí náà àwọn ọdẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni mo sọ pé kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú, pẹ̀lú ọta ọdẹ nínú rẹ̀.

Irin oníhò ẹnu ìbọn kò gba àlàyé púpọ̀. Lóòótọ́ ni ó ń dín bí ìbọn ṣe ń ta èjìká kù, ṣùgbọ́n ó ń ju ìró sẹ́yìn, sí etí ẹni tí ó yìn ín àti ti ẹni tí ó bá a lọ. Adíje ń bo etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọdẹ nílò etí.

Fún ẹni tí ó wà nílé

Ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ìdíje tí ó súnmọ́ wọn jù ni ti àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè. Ẹ má yá ti trap, irú rẹ̀ tí àwo ti ń sá lọ kúrò níwájú ẹni. Wọ́n ṣe ìdí ìbọn náà kí ọta lè lọ sókè díẹ̀ ju ibi tí ojú ń wò, nítorí pé àwo ń gòkè lọ. Ọ̀yà ní tirẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń sá gbà, ẹ óò sì máa yìn ín gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹnu rẹ̀ há, ọ̀pá rẹ̀ a sì máa gùn tó íǹṣì 30 tàbí 32. Ti skeet, irú rẹ̀ tí àwo ti ń fò kọjá níwájú ẹni, ni ó bá ọdẹ mu: ẹnu rẹ̀ ṣí nítorí pé àwo wà nítòsí, òfin ìdíje àgbáyé sì ní kí ìbọn wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ìbàdí títí àwo yóò fi jáde, kí ó tó gòkè dé èjìká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọdẹ ń ṣe nígbà tí ọ̀yà bá ta jáde lábẹ́ ewé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gé ìdí ìbọn yín bá apá yín mu, kí ó sì mú ẹ̀yìn rẹ̀ dán kí ó má baà fà mọ́ aṣọ. Àmọ́ kátíríìjì wọn kò wúlò fún yín, nítorí pé gíráàmù 24 ni gbogbo ẹyọ ọta tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 2.6 lọ, ẹtu kò ní ka ìyẹn sí ní ibi tí ó bá jìnnà díẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ronú láti gbé ráífù adíje wálé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Òfin Ìbọn ti 1959 ka ráífù 7.62 mìlímítà, 9 mìlímítà àti .300 íǹṣì mọ́ ìbọn ológun tí aráàlú kò lè ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un ní ìwé àṣẹ, .308 tí àwọn F-Class ń lò sì bọ́ sínú 7.62 yẹn. Ìbọn ọdẹ yòókù náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, títí kan ṣakabùlà. Ní ti igbó ọba Ọmọ, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925 tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, kò sí ìbọn kankan tí ó ní iṣẹ́ í ṣe níbẹ̀.

Bí a ṣe ń dán an wò

Nígbà tí ìbọn bá ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ dé, má ṣe dán an wò bí adíje, tí í yin márùn-ún léraléra tí ó sì ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́. Lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ní mítà 100, tàbí ní 40 bí igbó ni o ń dẹ. Yin ọta kan ṣoṣo ní òwúrọ̀, láti orí ìdúró tàbí ìkúnlẹ̀ tí o máa ń lò ní tòótọ́, pẹ̀lú okùn ìbọn lọ́wọ́, kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀, kí o sì gbé ìbọn padà sínú àpò. Ní ọjọ́ kejì, lo ìwé kan náà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọjọ́ òjò. Bí ihò márààrún bá wà láàárín ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò, ìbọn náà ti ṣetán. Bí èyí tí o yìn lọ́jọ́ òjò bá dá dúró lọ́tọ̀, lọ wo ibi tí igi ti fara kan ọ̀pá; bí gbogbo wọn bá fọ́n káàkiri, yẹ skúrù tí ó so irin mọ́ ìdí àti èyí tí ó di awò mú wò kí o tó dá ọta lẹ́bi. Ká ìwé náà sínú àpò ìbọn, kí o sì tún un ṣe kí àkókò ọdẹ tó ń bọ̀ tó wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ihò mẹ́rin ni mo lè fi ọwọ́ bò, ìkarùn-ún dá dúró lọ́tọ̀, ìbọn náà ṣì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́.